Pàṣán Ń Bẹ Lájà

Ní ìpàdé onílé tí a ṣe kẹ́yìn ní àdúgbò wa ní Àgbàdo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, nígbà tí a ti sọ̀rọ̀ gọ́tà àti owó ọdẹ tán, bàbá kan dìde, ó ní òun ní àbá. Ó ní ìbò ọdún 2027 ti sún mọ́lé, ó yẹ ká tètè mọ iye àwọn tí kì í ṣe ara wa ní òpópónà kọ̀ọ̀kan. Kí akọ̀wé ra ìwé kan, kó fa ìlà sí i: orúkọ, nọ́ńbà ilé, ìlú tí wọ́n ti wá, iye ẹni tó ní káàdì ìdìbò. Ó ní kì í ṣe pé a fẹ́ fi ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan o, ká ṣáà ti mọ̀ wọ́n. Ẹnì kan bi í pé àwọn wo gan-an. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ wọ́n. Àwọn ọmọ Ìbò. Àwọn Ègùn tó ń lẹ táìlì. Gàm̀bàrí ìdí àlùbọ́sà. Àwọn kòbòkóbò." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, mo wà lára àwọn tó rẹ́rìn-ín. Alága ní àbá tó dáa ni, kí akọ̀wé lọ ṣètò rẹ̀.

Èmi ni akọ̀wé.

Mo délé, oorun ò kùn mí. Ohun tí mo fẹ́ fi ṣe ìkìlọ̀ fún gbogbo wa kò sì ṣòro yé: ẹni tó bá ti fi "ẹ padà sílé yín" wá ìbò, kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ láti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa dúró. Àwọn àgbà ní pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Wọ́n ti fi pàṣán yìí na àwa Yorùbá rí, a sì ti mú un lọ́wọ́ na ẹlòmíràn rí. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti wà nídìí méjèèjì.

Tamale, ní àríwá Gánà, ni wọ́n bí mi sí lọ́dún 1968. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Láti ayé òyìnbó ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbẹ̀tì, Ọ̀fà àti Ìlọrin ti ń lọ tajà ní ìhà ibẹ̀: abẹ́rẹ́, òwú, dígí, ìyàrun, àtùpà, oògùn orí fífọ́, ohun tó bá ṣáà ti lè wọ inú àpótí tí èèyàn lè rù láti ọjà kan dé èkejì. Àtẹ ni bàbá mi fi bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó bí mi, ó ti ní ìsọ̀ méjì. Ó gbọ́ èdè wọn, ó gbọ́ Haúsá, wọ́n ń bá a náwó, ó ń bá wọn náwó.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1969, àwọn ará Gánà dìbò, ẹgbẹ́ Progress Party ti Kofi Busia sì wọlé. Kì í ṣe jàǹdùkú ni Busia o. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni, Oxford ló ti kàwé. Ṣùgbọ́n ọjà wọ́n, iṣẹ́ kò sí, gbèsè ìjọba Nkrumah ṣì wà nílẹ̀. Ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, ìjọba rẹ̀ pàṣẹ pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú ní ọjọ́ mẹ́rìnlá péré láti gbà á tàbí kó jáde. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa wa nígbà náà: pé a ti gba ọjà mọ́ ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́, pé àwa là ń jalè, pé à ń kó owó ìlú jáde, pé a ti pọ̀ jù. Ẹ yọ Yorùbá kúrò nínú rẹ̀, ẹ fi orúkọ ẹ̀yà mìíràn sí i, kí ẹ sì sọ fún mi bí kì í bá ṣe ohun tí à ń gbọ́ nídìí ayò ní Àgbàdo lónìí.

Ìyá mi kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ títí tó fi kú kò ju mẹ́ta lọ. Pé ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ fún obìnrin tí wọ́n jọ ń pọnmi, ní iye tí kò ra adìẹ méjì, obìnrin náà sì ń sunkún bó ṣe ń ka owó. Pé àwọn tó jẹ bàbá mi ní gbèsè ò yà ní ìsọ̀ mọ́, wọ́n kàn ń ka ọjọ́. Àti pé orí ẹrù nínú lọ́rì ni wọ́n tẹ́ mi sí láti Tamale títí a fi la Tógò àti Dàhòmì kọjá. Àwọn tí wọ́n lé bẹ́ẹ̀ ju 100,000 lọ fíìfíì. Ó wà nínú wọn tó jẹ́ pé Gánà ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ pàápàá sí, tó jẹ́ pé ìgbà tó dé Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń béèrè agbo ilé wọn lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́kọ.

Ọjà kò tìtorí ìyẹn rọ̀ ní Gánà. Oko kòkó ń wá alágbàṣe, kò rí. Ní oṣù Kìíní ọdún 1972, Busia lọ gba ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ológun gbàjọba lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ló kú sí bí àlejò, ní ọdún 1978.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Lọ́dún 1983 mo pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ifọ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ẹgbẹ́ UPN ti kó ọmọ kún kíláàsì láti ọdún 1979, olùkọ́ ò tó, ará Gánà sì pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ wa. Ọ̀kan nínú wọn ni olùkọ́ ìṣirò wa. A máa ń sín in jẹ, bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ni Mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Alhaji Ali Baba, kéde pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé jáde ní Nàìjíríà kí oṣù náà tó parí. Ọdún mẹ́rin ṣáájú ni Nàìjíríà ti fọwọ́ sí ìwé ECOWAS pé kí ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà máa rìn fàlàlà láàárín ara wọn. Ìwé náà wà níbi tó wà. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, ìbò ààrẹ sì ń bọ̀ ní oṣù Kẹjọ. Wọ́n ní àwọn tó mọṣẹ́ lè dúró di òpin oṣù Kejì, ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó máa retí ìyẹn?

Ní kíláàsì wa, à ń lu tábìlì, à ń pariwo "Ghana must go". Mo gbé ariwo náà délé. Bàbá mi wà nídìí rédíò. Kò nà mí, kò bú mi. Ó pa rédíò, ó ní, "Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fún wọn?" Mo ní mẹ́rìnlá. Ó ní, "Iye kan náà." Ó dìde, ó lọ jókòó síta nínú òkùnkùn. N kò mọ ohun tó ń sọ. Ọjọ́ kejì ni ìyá mi tó pè mí sí kọ̀rọ̀, tó sọ fún mi ibi tí wọ́n bí mi sí.

Mílíọ̀nù kan ará Gánà, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló jáde. Ìjọba Gánà ti ti ibodè wọn láti ọdún tó ṣáájú, Tógò sì ti tirẹ̀ kí èrò má baà há sọ́dọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ni ogunlọ́gọ̀ ènìyàn jókòó sínú oòrùn ní ibodè àti ní èbúté, pẹ̀lú báàgì alápò ńlá tó ní ìlà pupa àti búlúù. Orúkọ tí a sọ báàgì yẹn, Ghana must go, náà ló ń jẹ́ dòní. Inú rẹ̀ ni ìyàwó mi ń kó aṣọ òfì sí. Olùkọ́ ìṣirò wa lọ, wọn ò rí ẹlòmíràn fún wa, mo sì gba F9 nígbà tó yá, bí mo bá lè di ẹ̀bi ìyẹn ru ìjọba. Owó epo ò gòkè. Ààrẹ Shagari wọlé nínú ìbò oṣù Kẹjọ, àwọn ológun sì lé òun náà kúrò ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún.

Mo fẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ kòbòkóbò yẹn dáadáa, torí ó ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a ò gbọ́ ọ mọ́. Bí ọ̀rọ̀ ẹni tí èdè rẹ̀ kò yé wa ṣe ń dún létí wa ni a fi ń pè é. Ní Gúúsù Áfíríkà, makwerekwere ni wọ́n ń pe ará Áfíríkà tó wá láti ìlú mìíràn, bó ṣe ń dún létí tiwọn náà nìyẹn. Ọmọ Yorùbá tó ń pe ayálégbé rẹ̀ ní kòbòkóbò ní Àgbàdo, tó bá fi lè sọ̀ kalẹ̀ ní Johannesburg, òun ni makwerekwere kó tó gba àpótí rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2008, èèyàn 62 ló kú nínú ìkọlù sí àlejò ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n dáná sun lára wọn. Lọ́dún 2019 tí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀, Air Peace ló lọ kó àwọn ọmọ Nàìjíríà bọ̀ wálé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹgbẹ́ Operation Dudula, tó bẹ̀rẹ̀ ní Soweto lọ́dún 2021, a máa dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn bi aláìsàn léèrè ìwé. Wọ́n ti di ẹgbẹ́ òṣèlú báyìí.

Ẹ̀rù ọdún 2015 ṣì ń bà mí. Ní oṣù Kẹta, ọba àwọn Zulu, Goodwill Zwelithini, ní kí àwọn àlejò di ẹrù wọn kí wọ́n máa lọ. Ó sọ lẹ́yìn náà pé wọ́n ṣi òun gbọ́, ṣùgbọ́n ìkọlù ti bẹ́ sílẹ̀ ní Durban. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, nílé wa níbí, Ọba Èkó sọ fún àwọn àgbààgbà Ìbò nínú ààfin pé ẹni tí kò bá dìbò fún ẹni tí òun fẹ́, inú ọ̀sà ni yóò parí sí. Ọ̀sà kò gbé ẹnikẹ́ni, Ọlọ́run ṣeun. Ṣùgbọ́n ohun tí ọba bá ti sọ, ta ló tún kù tí yóò tijú láti sọ ọ́?

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà la rí ìdáhùn. Ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, Peter Obi ní ìbò ààrẹ 582,454 ní Èkó, Bọ́lá Tinúbú ní 572,606. Ìbò gómìnà ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, Gbádébọ̀ Rhodes-Vivour, tó ń díje fún ipò gómìnà, ọmọ ìdílé tí wọ́n ti ń gbé Èkó kí bàbá ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bú u tó mọ ọ̀nà ibẹ̀, di àlejò nílùú bàbá rẹ̀, nítorí pé ọmọ Ìbò ni ìyá rẹ̀ àti pé ó ń jẹ́ Chinedu mọ́ Gbádébọ̀. Alága àwọn tó ń bójú tó gáréèjì ní kí Mama Chukwudi jókòó sílé rẹ̀ bí kò bá fẹ́ dìbò fún àwọn. Ariwo pọ̀, ó ní àwàdà ni òun ń bá a ṣe. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹta, wọ́n lé àwọn kan kúrò nídìí àpótí ìbò torí pé ojú wọn jọ ojú Ìbò. Ọmọ Yorùbá wà nínú àwọn tí wọ́n lé. Báwo ni kò ṣe ní rí bẹ́ẹ̀? Irú imú wo ni Yorùbá ní tí ẹlòmíràn kò ní? Ìbò tí gómìnà tó wà níbẹ̀ fi ṣáájú ju 400,000 lọ, ẹ lè ní kí ló wá kàn wá. Ó kàn wá, torí àwọn tó wà nídìí ayò ti ṣírò rẹ̀ pé oògùn náà jẹ́.

Ẹni tó bá sì rò pé orí ọmọ Ìbò ni ọ̀rọ̀ yìí máa mọ, kó wo ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́. Kò sí ọmọ Ìbò kankan nínú ìjà yẹn. Àwọn tó sá fún ogun tó fọ́ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ló wá tẹ̀dó sí Mọdákẹ́kẹ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Yorùbá ni wọ́n, ọbẹ̀ kan náà ni wọ́n ń sè. Ó lé ní àádọ́jọ ọdún lẹ́yìn náà, àlejò ṣì ni wọ́n ń pè wọ́n. Lọ́dún 1997, lórí ibi tí olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ tuntun yóò wà, ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Kò dákẹ́ pátápátá títí di ọdún 2000. Ẹ bi àwọn ará Èjìgbò náà, tí bọ́ọ̀sì ń gbéra nílùú wọn lọ sí Abidjan. Ojú wọn ni ọ̀rọ̀ "ọmọ Ivory Coast pọ́ńbélé" ṣe jáde lẹ́nu Henri Konan Bédié àti àwọn ènìyàn rẹ̀ láti fi dènà Alassane Ouattara, tó fi di ogun lọ́dún 2002, tí nǹkan bí 3,000 ènìyàn tún fi kú lẹ́yìn ìbò ọdún 2010. Ouattara tí wọ́n ní kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ náà ló padà di ààrẹ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a rò pé wọ́n lajú, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, irọ́ kan lásán lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló mú kí wọ́n máa gbìyànjú àti dáná sun hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kó àwọn tó wá sá sí ìlú náà sí ní Rotherham. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀ ń bẹ̀rù àtilọ síbi iṣẹ́.

Kí ló wá mú Àgbàdo wọ ọ̀rọ̀ yìí? Ìṣirò ni. Nínú ìbò gómìnà Ògùn lọ́dún 2023, iye tí Dàpọ̀ Abíọ́dún fi ṣáájú Ládi Adébùtú kò tó 14,000. Ayálégbé tí owó ilé Èkó lé wá sí Àgbàdo, Ifọ̀, Mowé àti Ìbafò ju iye yẹn lọ dáadáa. Òǹdíje tó bá lè fa àwọn wọ̀nyí mọ́ra yóò jèrè. Èyí tí kò bá lè fà wọ́n mọ́ra ńkọ́? Ó lè dẹ́rù bà wọ́n kí wọ́n jókòó sílé. Ìwé onílà mẹ́rin tí wọ́n ní kí n rà yẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́, iṣẹ́ tí wọ́n máa fi ṣe nìyẹn. Orúkọ tí ẹ bá kọ ní ọ̀sán, ọmọ ìta ni yóò kà á ní òru.

Èwo tiẹ̀ ni ti "ara wa"? Ẹ̀gbá àti Àwórì ló ni ilẹ̀ yìí. Àwa yòókù, ẹsẹ̀ ló gbé wa dé. Ẹ lọ dúró sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, níbi tí ọkọ̀ ìjọba Èkó ti ń gbéra lọ sí Oyíngbò láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024: ọkọ̀ Èkó, lórí ilẹ̀ Ògùn. Ìyá Ìlàjẹ ń din àkàrà, ọmọ Haúsá ń po tíì, ọmọ Ìbò tó ń ta ìbòrí fóònù ń pe oníbàárà ní "Àǹtí mi" ní Yorùbá tó dán ju ti ọmọ mi lọ. Ọmọ mi yẹn, Àgbàdo ni wọ́n bí i sí. Ó lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ kan, wọ́n ní kó lọ gbà á ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó dé Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní ta ló mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní ẹsẹ̀ 42, ní a kò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀yà tàbí ibi tí èèyàn ti wá fi ìyà jẹ ẹ́. Ẹni tó wà nídìí tábìlì kò bá a jà, kò sì ṣe é.

Mo mọ̀ pé ẹ ní ẹ̀sùn. Mo ní tèmi náà. Àwọn kan ra ilẹ̀ nínú ilẹ̀ wọn ò san owó ọ̀nà. Àwọn kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́jà, wọn ò jẹ́ kí ọmọ onílẹ̀ gbé ọjà wọn tà. Àwọn aláìmọ̀kan sì wà tó ń wí pé Èkó kò ní baba, ọ̀rọ̀ rírùn ni, ó sì yẹ kí àwọn àgbà wọn bá wọn wí. Olè wà láàárín wọn bó ṣe wà láàárín wa. Ẹni tó bá jalè, ẹ pe orúkọ olè, kí ẹ mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ má ṣe pe orúkọ ẹ̀yà rẹ̀ lórí gbohùngbohùn. Èyí kò le.

Ìjà ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, ní oṣù Kejì ọdún 2021, aláàárù kan àti àwọn ará ọjà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí ọjọ́ méjì tó pé, ènìyàn ti kú, ìsọ̀ ti jó, ọjà ti di títì. Oṣù yẹn kò parí tí àwọn oníṣòwò òkè ọya fi dá ọkọ̀ oúnjẹ dúró, wọn ò jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra tòmátì ní Àgbàdo lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ rántí iye tí ẹ rà á. Ìyàwó mi fi igbá kékeré kan bọ̀ wálé, ó gbé e kalẹ̀ síwájú mi láìsọ̀rọ̀, bí ẹni gbé ìwé ẹ̀sùn kalẹ̀.

Ẹ̀yin òǹdíje tí ẹ máa wá bẹ̀ wá, tí ẹ bá dé orí pèpéle, ẹ sọ ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ẹ sọ ọ̀rọ̀ iná, ẹ sọ ìdí tí gọ́tà wa fi ń kún. Èyí tó bá fẹnu kan ẹ̀yà nínú yín, ká sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé ìbò wa kò tọ́ sí i, ìbáà ṣe àbúrò wa. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin ìmáàmù, ẹ mọ bí irú ìjà yìí ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n máa ha owó àti ọtí fún kí ẹ lọ dúró nídìí àpótí, orúkọ yín ni ọlọ́pàá máa kọ sílẹ̀, kì í ṣe ti ẹni tó rán yín.

Mo ti ra ìwé náà, owó ẹgbẹ́ ni mo fi rà á. Mo ti fa ìlà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní. Ìpàdé di ọjọ́ Sátidé tó parí oṣù. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀ báyìí: orúkọ mi, nọ́ńbà ilé mi, káàdì ìdìbò mẹ́ta. Níbi tí wọ́n ní kí n kọ ìlú tí wọ́n ti wá sí, mo kọ Tamale. Ìlà tó tẹ̀ lé e ṣófo. Bàbá tó mú àbá wá ni mo fẹ́ gbé e fún, kó kọ tirẹ̀ sí i. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni.